Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Le

Bí mo bá sọ fún Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi ní ìlú Niamey yìí pé iṣẹ́ kíné ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni náà á kọ ẹ̀yìn sí mi, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ibí yìí." Wọ́n ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣe é níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti ṣe é fún mi níbi ìsìnkú rí. Ìyá Afọwọ́ra ni orúkọ tí wọ́n fún mi. Mi ò bínú sí i. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ọwọ́ yìí ṣe fún yín, nítorí fífi ọwọ́ ra ara ló kéré jù nínú rẹ̀.

Kíné, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pè é, ni ẹni tó ń kọ́ ara ní ohun tí ara ti gbàgbé. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tí egungun rẹ̀ kán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀, ọmọ tó tó rìn tí kò rìn, ọ̀dọ̀ wa ni dókítà ń darí wọn sí. A kì í fún èèyàn lóògùn, a kì í sì í mú ọ̀bẹ. Ọwọ́ wa la ní, àti ojú wa, àti ohun tí aláìsàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹnu aláìsàn yìí ló yà mí lẹ́nu jù ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́.

Àdúgbò Kalley, ní Niamey níbí, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bá a ká aṣọ, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, màá máa rò ó pé kí ló mú kí ti lágbájá yà sósì, kí ló mú kí tàmẹ̀dù máa wọ́ bàtà nílẹ̀. Ìyá mi ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san owó orí mi, ìbéèrè ni ọkọ máa kó lọ sílé. Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn láti sọ: ilé ẹ̀kọ́ wà, mo ṣe ìdánwò, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ń wọlé, ó sì ń jáde. Ẹ jẹ́ ká kọjá lórí ìyẹn.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Mùsíyọ̀ Hàmídù, ọmọ ẹ̀yà Zarma kan, ará àdúgbò Gamkalley, tó tinrín bí ọ̀pá, tí kì í gbé ohùn sókè. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá ju ti ẹni tó ń pariwo lọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ni ọwọ́ mi wà. "Àdùkẹ́, ká ọwọ́ rẹ sẹ́yìn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ojú ni kí o kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́." Aláìsàn á wọlé, á jókòó, á bọ́ bàtà, mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ju kí n wò ó lọ. Lẹ́yìn náà ni á bi mí pé ọwọ́ wo ni ó fi di àga mú, èjìká wo ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá sọ ohun tí mi ò rí, á mọ̀. Kò bú mi rí. Á kàn bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n lọ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tí a fi ń tọ́jú èèyàn. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì bò mí lójú, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin méjì máa gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi, wọ́n yí apá mi, wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò dùn mí rárá. Nígbà tó ṣí mi lójú, ó béèrè pé, "Ṣé wọ́n ṣe ọ́ léṣe?" Mo ní rárá. "Kí ló dé tí omi wà lójú rẹ?" Mo fi tówẹ́ẹ̀lì náà nu ojú. Ó ní, "Ó dáa, dìde," ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àìmọ̀ ohun tó kàn lè dẹ́rù bani ju ìrora lọ, mi ò sì gbé apá ẹnikẹ́ni rí láì sọ fún un kí n tó gbé e.

Níbi iṣẹ́ wa, èdè mẹ́rin la ń fọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo wá ṣàkíyèsí ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Bí o bá bi Hausa pé báwo ni ara, á ní dà sáúkì, pé ó ti ń rọjú díẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè mí. Zarma á ní kala suuru, pé sùúrù ló kù. Yorùbá ńkọ́? A dúpẹ́. Wọ́n lè gbé Yorùbá wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì, á ní a dúpẹ́. Mo sọ èyí fún Mùsíyọ̀, ó rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ó ní, "Ìkíni ni wọ́n fi ń dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí wọ́n kí ọ tán. Lẹ́yìn náà, lọ wo ibi tó ń dùn wọ́n." Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwa náà ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé.

Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún Zarma, mo ń ṣe é fún Hausa. Fún àwọn èèyàn mi, mo rò pé kò pọn dandan. Ta ni yóò ṣe ògbufọ̀ Yorùbá fún ọmọ Yorùbá?

Ìṣòro tèmi pẹ̀lú àwọn èèyàn mi yàtọ̀. Bàbá arúgbó kan wà, Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́, rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Màá kúnlẹ̀ kí i, lẹ́yìn náà màá dìde, màá ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè." Kò ní gbé e. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Àbíkẹ́yìn mi jù ẹ́ lọ, o wá ń pàṣẹ fún mi." Mo ronú sí i. Lọ́jọ́ kẹrin mo di ẹsẹ̀ náà mú, mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yìí wúwo, mi ò lè dá a gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ó ní, "Ìyẹn ni kí o ti máa wí," ó sì gbé e. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo lọ bi Mùsíyọ̀ bóyá ẹ̀tàn ni mo ṣe. Ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ náà wúwo?" Mo ní ó wúwo. "Ṣé o lè dá a gbé bó ṣe yẹ kó gbéra?" Mo ní rárá. "Kí lo wá ń bi mí sí?" Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́, ìbéèrè lórí ìbéèrè.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà kò ju ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ lọ. A ń di iyanrìn etí odò sínú àpò kéékèèké, àwọn nìyẹn tí aláìsàn ń fi ẹsẹ̀ gbé. Káfíńtà ló kan igi méjì tí wọ́n ń dì mú kọ́ ìrìn. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ la fi ń fa apá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sọ̀rọ̀, nítorí náà aláìsàn la máa ń wò. Lẹ́yìn tí Mùsíyọ̀ fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Èyí tó ń fi iná mànàmáná ta ara jí dé. Kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan náà dé, ó ní ojú kékeré kan níwájú tí nọ́ńbà ń sáré lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn bàtà ọdún. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì lábẹ́ mi nígbà yẹn, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀gá wọn mọ ẹ̀rọ lò.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Ìdòwú dé ọ̀dọ̀ mi. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kalley, òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Kábú-kábú, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, ló kọ lù ú lẹ́bàá ọjà Petit Marché, egungun ojúgun ọ̀tún rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, wọ́n dì í, wọ́n tú u, wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹ máṣíìnì. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Àdùkẹ́, mi ò ní kí o jẹ́ kí n máa sáré kiri. Bí mo bá ṣáà ti lè tẹ máṣíìnì mi, ó ti parí."

Ó ń ṣe dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjèèjì wà níbẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ó ti le."

"Ẹ ṣeun, Olúwa. Mo mọ̀ pé ó máa le. Ẹ jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ lónìí."

Ó yẹ kí n ká ìró rẹ̀ sókè kí n wo ẹsẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ Zarma ni, ǹ bá ti wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni, ọkùnrin aláìsàn méjì sì wà lápá kejì yàrá, aṣọ ìkélé wa ti ya. Mo ní mi ò ní tú àgbàlagbà síta nítorí ohun tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dáa. Mo dì í mú gun kẹ̀kẹ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, èmi àti àwọn ọmọ ń wo nọ́ńbà. Nígbà tó ṣe tán, mo sọ fún un pé ti òní dára ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìdòwú ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ọmọbìnrin náà ti pé ọmọ ogún ọdún, Niamey ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀. "Tántì, Maman ò lè mí dáadáa. Àyà ń dùn wọ́n." Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, mo sì pàdé wọn níbẹ̀. Dókítà bi Ìdòwú ní Faransé pé kí ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ nípa ẹsẹ̀ náà láti bí ọjọ́ méjì. Ìdòwú ní, "Elle disait que sa jambe était devenue dure." Pé ìyá òun ní ẹsẹ̀ náà ti gan.

Dure. Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tó lágbára, ó ní òmíràn fún ohun tó gan. Yorùbá kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ jòjòló tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, ó fẹ́ rìn nìyẹn. Búrẹ́dì àná náà ti le. Ìyá Ìdòwú ń sọ ti búrẹ́dì fún mi, èmi gbọ́ ti ọmọ jòjòló. Ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ ń tiro ló gbọ́ ìyá rẹ̀ yé, èmi tí mo gbọ́ Yorùbá délẹ̀ kò gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ fi gan tó sì gbóná. Díẹ̀ ti já nínú rẹ̀, ó ti lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni à ń gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. A kì í gbé e gun kẹ̀kẹ́. Dókítà béèrè bóyá ẹnì kan fọwọ́ ra á. Ìdòwú na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Òun ló fi òrí ra á ní ìrọ̀lẹ́ àná, nítorí pé ìyá rẹ̀ ní ó ń ni òun lára. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà níbẹ̀ yíjú sí i, ó ní, "Ṣé o ti rí i? Ìwọ lo fẹ́ pa ìyá ẹ."

Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, mi ò ní wá ọ̀rọ̀ míì tó dára ju ìyẹn lọ fún un.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìdòwú wà láàárín kó yè àti kó má yè. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìdòwú kò wọ yàrá náà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń rán ẹlòmíràn gbé e wọlé, òun á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó wá ran òun lọ́wọ́ láti yí ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọwọ́ òun kò dáa. Àbúrò bàbá rẹ̀ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé bí kì í bá ṣe èmi tí mo ní kí wọ́n tètè gbé e wá ni. Ìdúpẹ́ yẹn gbóná lára mi bí omi híhó.

Mo lọ bá Mùsíyọ̀ ní Gamkalley. Mo bá a nínú ọgbà rẹ̀ létí odò, ó ń fa koríko láàárín sàláàdì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò dúró nínú koríko tó ń fà.

"Dókítà mọ̀ pé o gbé e gun kẹ̀kẹ́?"

"Kò mọ̀."

"Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí?"

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin."

Ó nà ró díẹ̀díẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Àdùkẹ́, ṣé o wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí o sọ ọ́ ni, àbí o wá kí n gbà ọ́ láyè kí o má sọ ọ́?"

Mo lóṣòó, mo bá a fa koríko díẹ̀. Ó já sàláàdì méjì fún mi, ó ní kí n máa lọ kí ewé rẹ̀ tó rọ.

Ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá Ìdòwú jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, àbúrò ọkọ rẹ̀ wà lórí àga. Mo pe Ìdòwú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kó ṣáà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ẹsẹ̀ ti le. Mi ò wò ó. Mo gbé yín gun kẹ̀kẹ́. Kí Ìdòwú tó fọwọ́ kàn án ní ìrọ̀lẹ́, èmi ti ṣe ohun tó burú jù ú lọ láàárọ̀. Bí mo bá wò ó ni, ẹ ò bá ti dé ilé ìwòsàn kí òrí tó débẹ̀."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹ̀yin?" Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìdòwú wo ẹnu ọ̀nà kọjá orí mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló bá sọ ọ́. "Ìdòwú, ìrọ̀rí yìí ti yẹ̀. Wá bá mi gbé ẹsẹ̀ lé e." Ọmọ náà kò mira. "Mo ní wá." Ó wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ gìgísẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé ẹyin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lé e lórí. Mo dìde fúnra mi, mo jáde.

Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá wa, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n má tọ́jú ẹnikẹ́ni fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan níbi iṣẹ́ sì ní òmùgọ̀ ni mí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà tí mo padà, aṣọ ìkélé ni mo kọ́kọ́ rán. Mo ṣíwọ́ bíbéèrè pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ni ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹ ṣe ní àárọ̀ yìí, kí ẹni náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibẹ̀ fún mi. Wọ́n ń rò pé etí mi ti ń di díẹ̀díẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ràn ọwọ́ nìkan nínú yín, kó lọ pò búrẹ́dì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ èèyàn bá ń jọ lójú, tí kì í sú, kó wá kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ó ku ohun kan. Lẹ́yìn bí ọdún kan, mo lọ wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìdòwú. Ẹsẹ̀ náà ṣì máa ń wú bó bá di ìrọ̀lẹ́. Iná ló ń wa máṣíìnì rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ń wọn èjìká mi, ó wà lẹ́yìn mi, mi ò rí ojú rẹ̀.

"Àdùkẹ́, ọjọ́ tí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa yẹn, mo mọ̀ pé o ṣì mí gbọ́."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ ń dùn, àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ sì ń wò ẹ́. Mo ní kí n má dójú tì ẹ́. Mo ní bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ náà tán, màá pè ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò pè mí?"

"Ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

Ó kọ nọ́ńbà èjìká mi sílẹ̀, ó ní kí n yíjú sí òun kí òun wọn àyà.

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ni mo fi ń wádìí ohun tí aláìsàn ń fi pamọ́ fún wa. Mo rò pé ìtìjú ni, mo rò pé ìbẹ̀rù ni. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àánú wa ni wọ́n ń ṣe. Mo máa ń jókòó báyìí, màá rántí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó rẹ́rìn-ín sí mi, àwọn tó ní a dúpẹ́, ó sì ń wù mí kí n mọ iye àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ yẹn nítorí tèmi.